Ilẹ̀ Tí A Dá Padà fún Omi ní Alief

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi mí léèrè ìdí tí ìjọba fi ná owó sórí Arthur Storey Park, tí wọ́n tẹ́ ọ̀nà ìrìn, tí wọ́n kọ́ àtíbàbà, tí wọ́n sì wá ń wòran nígbà tí omi bá bo apá kan rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ tún ní ó ń bí yín nínú pé wọn kì í gé koríko etí adágún ibẹ̀, tí ó fi rí bí oko tí àgbẹ̀ pa tì. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí n fi sùúrù dáhùn, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a fi Alief, ní ìwọ̀ oòrùn Houston ní Texas, ṣe ibùgbé ló ń kọjá létí rẹ̀ lórí Beltway 8 láràárọ̀ láì mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Omi yẹn kò ṣèèṣì wọ ọgbà. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbẹ́ ibẹ̀. Kòtò ńlá ni, wọ́n gbẹ́ ẹ kí omi odò Brays Bayou lè ríbi yà sí, kí ó má bàa yà sí yàrá wa. Wọ́n wá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí ènìyàn lè máa gbafẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tí omi kò bá ní iṣẹ́ ńlá ṣe. Ọgbà náà tó 175 éékà, orúkọ ẹnjiníà kan tó ti darí àjọ ìdènà omíyalé ti Harris County rí ni wọ́n sì fi pè é.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa dáadáa, orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Alief tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tí àgbàrá yóò fi sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá odò. Láti ibí títí dé Ship Channel, ọ̀nà omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà, ní ìlà oòrùn, ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ láàárín máìlì kan. Omi tó bá bọ́ sílẹ̀ níbí kò mọ ibi tí yóò kọjú sí, ńṣe ló ń tàn kálẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, amọ̀ ni erùpẹ̀ ibẹ̀. Ẹ ti rí i ní àgbàlá yín nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí oòrùn bá mú, bí ilẹ̀ ṣe máa ń la ẹnu tí ènìyàn lè ti ìka bọ̀ ọ́. Bí òjò bá dé, amọ̀ yẹn á mu omi, á wú, ẹnu tó là á pa dé, omi tó bá kù kò tún ríbi rì sí mọ́. Wíwú àti sísúnkì yẹn náà ló ń sán ìpìlẹ̀ ilé ládùúgbò wa, tí a fi ń sanwó fún àwọn tó ń tún ìpìlẹ̀ ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé síbí, pápá koríko gíga ló tẹ́ lọ síbẹ̀, àwọn kòtò wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀ tí omi òjò ń dúró sí. Ilẹ̀ tó ń rọ̀ nígbà òjò tó sì ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, bí àkùrọ̀ tí àwọn ìyá wa ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí. Pápá etí òkun Texas yìí fẹ̀ kọjá ohun tí ojú lè ká nígbà kan rí. Lónìí, ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ bó ṣe wà látilẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ dé. Ní ọdún 1888, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jacamiah Daugherty ra ilẹ̀ níbí, ó sì jẹ́ kí ojú irin San Antonio and Aransas Pass gba orí rẹ̀ kọjá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1893, ó ta ilẹ̀ náà fún Francis Meston. Dairy ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe abúlé náà, ẹ ṣì ń rí orúkọ yẹn lójú ọ̀nà Dairy Ashford títí dòní. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní 1895 ni wọ́n fi orúkọ obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe olórí ibẹ̀ pè é: Alief Magee. Orúkọ obìnrin kan tó ń to lẹ́tà ni gbogbo wa ń pe àdúgbò wa.

Abúlé náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí omi fi dé bá wọn. Omi kún lọ́dún 1899. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjì líle oṣù kẹsàn-án 1900, èyí tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Galveston, jà títí dé Alief. Òwú àti àgbàdo bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù wọn lọ. Ohun tí àwọn tó dúró ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Láti nǹkan bí ọdún 1901, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ìrẹsì. Ìrẹsì kò bá omi jà. Amọ̀ tí kò jẹ́ kí omi rì, tó ti ba òwú jẹ́, òun gan-an ni ìrẹsì ń fẹ́. Àgbẹ̀ á fi erùpẹ̀ mọ ebè yí oko ká, á dá omi dúró sínú rẹ̀, ẹyẹ odò á sì wá máa jẹun níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun nínú kòtò pápá àtijọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ènìyàn àti omi pín ilẹ̀ Alief lò láì sí ìjà tó pọ̀.

Ilé ló tú ìmùlẹ̀ yẹn ká. Houston ń fẹ̀ sí i, owó epo ń wọlé, wọ́n ta oko ìrẹsì, wọ́n pín in sí pulọ́ọ̀tì. Ní 1977, ìlú Houston gba apá kan Alief mọ́ra. Wọ́n da ọ̀dà sójú ọ̀nà, wọ́n kan òrùlé, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí àwọn ilé ìtajà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí òjò ínṣì kan ṣoṣo bá rọ̀ sórí éékà kan, omi ibẹ̀ lé ní 27,000 gálọ́ọ̀nù. Lórí pápá, koríko á mu nínú rẹ̀, kòtò wẹ́wẹ́ á gba èyí tó kù. Lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí, gbogbo rẹ̀ pátá ló ń sáré wọ gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà, gọ́tà á sì sáré gbé e lọ sí Brays Bayou. Ẹ wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì rántí pé òjò ibí lè tó ínṣì mẹ́wàá kó tó dá.

Brays Bayou yìí bẹ̀rẹ̀ láti apá ìwọ̀ oòrùn lọ́dọ̀ wa níbí, ó gba àárín ìlú kọjá létí àwọn ilé ìwòsàn ńlá Medical Center, ó sì tú sí Ship Channel, ìrìn tó tó máìlì mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Odò tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni nígbà kan, igi bò ó. Lẹ́yìn omíyalé ọdún 1929 àti ti 1935 ni ìjọba dá àjọ Harris County Flood Control District sílẹ̀ ní 1937, èrò ìgbà náà sì ni pé bí omi bá tètè lọ, ìyọnu dópin. Nítorí náà, wọ́n na odò náà kó tọ́, wọ́n sì da kọnkéré sí ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá sáré kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó wà lókè, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń sáré lọ, òun àti omi ti gbogbo ará òkè pátá. Àwọn tó wà ní Meyerland, àdúgbò kan létí odò náà nísàlẹ̀, mọ ohun tí mò ń sọ, omi ti wọlé tọ̀ wọ́n léraléra.

Ibí ni ọgbọ́n yí padà. Nínú iṣẹ́ ńlá tí wọ́n pè ní Project Brays, tí àjọ yẹn àti àwọn ẹnjiníà ológun Amẹ́ríkà jọ ṣe, tó sì gba nǹkan bí 480 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n fẹ odò, wọ́n gbé afárá sókè, wọ́n sì gbẹ́ kòtò ńláńlá mẹ́rin tí àpapọ̀ wọn lè gba nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù omi. Arthur Storey Park jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn. Willow Waterhole ní ìhà Westbury jẹ́ òmíràn, òun náà sì dára láti lọ wò.

Bí irú kòtò bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọ́n á bu etí odò wálẹ̀ níbì kan kó rẹlẹ̀ sí ìyókù. Bí omi bá kéré, odò ń bá tirẹ̀ lọ, kòtò ò bá a ṣe. Bí òjò bá pọ̀ tí omi gòkè dé ojú ibi tí wọ́n bù yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ inú kòtò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láì sí ẹni tó tẹ bọ́tìnì. Gbogbo gálọ́ọ̀nù tó bá wọ ibẹ̀, gálọ́ọ̀nù tí kò dé ilé ẹnì kan nísàlẹ̀ nìyẹn. Bí odò bá wá fà, omi inú kòtò á gba ojú páìpù padà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹrẹ̀ tó máa ń wà lójú ọ̀nà ìrìn lọ́jọ́ kejì òjò, tí ẹ fi ń sọ pé ìjọba ò ṣiṣẹ́, ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti ṣe ni. N kò ní tàn yín o: bí òjò bá kọjá agbára, kòtò yóò kún. Ìjì líle Harvey tó dé lóṣù kẹjọ 2017 rọ òjò tó lé ní ọgbọ̀n ínṣì sí ọ̀pọ̀ ibi ní Harris County láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì sí kòtò kankan tí wọ́n gbẹ́ tó lè gba ìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín in kù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ koríko tí wọn kò gé. Bí ẹ bá sún mọ́ etí adágún tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹ ó rí esùsú tó dúró sínú omi. Ẹ fọwọ́ kan ara igi rẹ̀ nísàlẹ̀ omi, ó ń yọ̀. Ohun tó ń yọ̀ yẹn, ohun abẹ̀mí tíntìntín ni, àìmọye wọn. Nígbà tí omi òjò bá gbé ìdọ̀tí títì dé, epo mọ́tò, ajílẹ̀ tí a fọ́n sórí koríko ilé, ìgbẹ́ ajá, esùsú á mú kí omi náà rọra, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ á sì rì. Àwọn ohun tíntìntín yẹn á jẹ nínú ìdọ̀tí náà, gbòǹgbò á fa ajílẹ̀ tó kù. Bí wọ́n bá gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́, omi á máa gé etí adágún jẹ, erùpẹ̀ á sì máa ya wọ inú rẹ̀ títí kòtò yóò fi kún fún ẹrẹ̀, kò sì ní gba omi tó bó ṣe yẹ mọ́. Koríko tó rí bí ìwà ọ̀lẹ lójú yín yẹn, òṣìṣẹ́ tí a kì í sanwó fún ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni yóò tẹ̀ lé e, torí ẹni tí ibà ti ṣe rí kò lè rí omi tó dúró kó má rántí. Ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Àbàtà tó ní ẹja àti kòkòrò nínú kì í ṣe ilé ìtura fún ẹ̀fọn. Lámilámi tí ẹ ń rí tó ń fò lójú omi ń mú ẹ̀fọn jẹ ní òfuurufú, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà nínú omi sì ń jẹ ìdin ẹ̀fọn. Ẹja kékeré kan tún wà, kò gùn ju ìka lọ, Gambusia lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Texas ni, ó máa ń jẹ ìdin ẹ̀fọn. Ní 1905, wọ́n kó irú rẹ̀ láti Texas lọ sí Hawaii nítorí iṣẹ́ yìí kan náà, wọ́n sì ti kó o káàkiri ayé lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn tó ń jẹ wá ní Alief, inú táyà tí a jù sẹ́yìn ilé ló ti ń jáde, àti inú abọ́ òdòdó, àti inú gọ́tà tí ewé dí.

Ẹyẹ ibẹ̀ pọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kan wà tó ń súfèé, ikùn rẹ̀ dúdú, ẹnu rẹ̀ pupa fòò. Awun máa ń tò sórí igi tó ṣubú sómi, wọ́n á na ọrùn sí oòrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí pé ará wa ni. Lékeléke ni. Kì í ṣe àwọn ẹyẹ funfun ńlá ọlọ́rùn gígùn tó dá dúró sínú omi bí ẹni tó ń ṣàṣàrò, àwọn yẹn jẹ́ onílé níbí. Èyí tí mò ń wí kúrú, ẹnu rẹ̀ pupa rúsúrúsú, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló sì fẹ́ràn jù, ó máa ń tẹ̀ lé màlúù. Nígbà tí kò bá sí màlúù, ẹ ó rí i tó ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ ìgékoríko, tó ń ṣa tata tó bá fò sókè. Òun náà ni èyí tí a máa ń na èékánná sí nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní funfun.

Kò sí lékeléke yìí ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá, kò sì sí ẹni tó kó o wá. Ó fi apá ara rẹ̀ fò kọjá Òkun Àtìláńtíìkì, àwọn tó ń ṣèwádìí ẹyẹ sì gbà pé afẹ́fẹ́ ńlá ló ràn án lọ́wọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1870 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1880 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, ní agbègbè Suriname àti Guyana. Ó dé Florida ní nǹkan bí 1941. Nígbà tó di nǹkan bí 1955, ó ti dé Texas, ó sì rí i pé màlúù pọ̀, oko ìrẹsì pọ̀, tata pọ̀. Ó dúró, ó bímọ, ó di ọmọ ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá kàwé sí Houston, lékeléke ti dé ṣáájú wọn.

Ẹ ó wá bi mí pé kí ló kan ogún àti ìtàn nínú ọ̀rọ̀ kòtò omi. Ẹ jẹ́ ká wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìdí tí igi ibẹ̀ fi ṣì dúró nígbà tí wọ́n ti gé àwọn igbó mìíràn yíká ìlú náà tán ni pé àwọn ènìyàn mọ ìtàn ibẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó ni odò, wọ́n mọ èèwọ̀: a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í dọdẹ, a kì í gégi. Nígbà tí èèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí àwọn kan ń fẹ́ ta ilẹ̀, Àdùnní Olórìṣà tí àwọn òyìnbó ń pè ní Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo jọ dìde sí i. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún ayé ní 2005, igbó tó tó hẹ́kítà 75. Òfin dé gbẹ̀yìn ni. Ìtàn ló kọ́kọ́ ṣọ́ igbó náà. Ní Alief, òfin ti wà, owó ti wà, ẹnjiníà ti ṣe tiwọn, ìtàn gan-an ni kò tíì dé etí wa. Ẹni tí kò mọ̀ pé omi lé àwọn ará Alief àtijọ́ kúrò lóko òwú ní 1899 àti 1900, tí kò mọ̀ pé oko ìrẹsì ló wà lábẹ́ ilé tó ń gbé, kò ní rí ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ dí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pa kí a kọ́ ilé ìtajà sórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń rò ó pé ó yẹ kí a máa mú àwọn ọmọ wa lọ sí ìtẹ́ òkú Alief tó wà lójú ọ̀nà Bellaire, níbi tí wọ́n sin àwọn ará àtijọ́ sí, kí a sì mú wọn lọ sí etí adágún lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ kan ni méjèèjì.

Àwọn mìíràn ti ń kọ ìtàn tiwọn sí ọgbà náà. Bí ẹ bá lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó bá àwọn àgbàlagbà ará Ṣáínà àti Vietnam níbi tí wọ́n kọ́ fún eré tai chi, tí wọ́n ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ẹ kí wọn, wọ́n máa ń dáhùn.

Ó ku ìkìlọ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá rí ìdì ẹyin wẹ́wẹ́ aláwọ̀ píǹkì tó lẹ̀ mọ́ ara esùsú tàbí ògiri létí omi ibikíbi ní Houston, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Ẹyin ìgbín omi kan tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni, oró wà nínú rẹ̀. Ìgbín náà tóbi, mo sì mọ bí ojú wa ṣe ń rí ìgbín. Ẹ má gbé e relé sè. Ó lè ní aràn kan tó máa ń ti ara eku wá, tó sì lè wọ inú ọpọlọ ènìyàn, òfin Texas kò sì gbà kí ènìyàn sìn ín láì gbàṣẹ. Ẹ má da ẹja inú ilé sínú adágún bí ó bá sú àwọn ọmọ. Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ pẹ́pẹ́yẹ, ó ń ba ara wọn jẹ́, èyí tí wọn kò bá jẹ sì ń ba omi jẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ihò gọ́tà iwájú ilé. Omi tó bá wọ ihò yẹn kò gba ibi kankan tí wọ́n ti ń sẹ́ omi kọjá ní Houston, tààrà ló ń lọ sí bayou. Epo tí ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe bá dà síbẹ̀ lónìí, ẹja àti ẹyẹ ni yóò bá a pàdé. Ewé tó bá sì dí i ni yóò mú omi padà wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Ìlú ní ètò kan fún èyí, Adopt-a-Drain ni wọ́n ń pè é: ènìyàn á lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á mú ihò gọ́tà kan, á sọ ọ́ lórúkọ tó bá wù ú, á sì máa kó ewé àti ìdọ̀tí kúrò lójú rẹ̀ kí òjò tó dé. Èyí tó wà ní igun òpópónà tiwa, bí ẹ bá gbà, kí a jọ mú un. Ẹ bá wa wá orúkọ tí a ó sọ ọ́.